Dandan àti ìmọ̀ràn ní èdè Sípáníìṣì: gba inú Yorùbá kọjá, má gba inú Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ní Valencia, ní Sípéènì, ọ̀gá alásè wo ilẹ̀, ó ní, "Hay que fregar el suelo." Mo mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn náà. Mo mọ̀ pé fregar ni kí èèyàn fi omi àti ọṣẹ fọ nǹkan, mo mọ̀ pé suelo ni ilẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó yẹ kí wọ́n fọ ilẹ̀. Mo mi orí, mo gbà pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì padà sídìí àlùbọ́sà tí mo ń gé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi bi mí bóyá adití ni mí.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, ẹ̀rín ara mi ni mo ń rín. Ìyá tó bí mi lọ́mọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Ṣé wọn ò ní gbá ilẹ̀ yìí ni?" Ta ni "wọn"? Gbogbo ilé mọ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni yóò dìde wá ìgbálẹ̀. "Wọn" ìyá mi yẹn gan-an ni hay que. Ohun tó dí mi létí ni pé inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń túmọ̀ ohun tí mo bá gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ràn kó dárúkọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ́ Sípáníìṣì, yálà ní Madrid, ní Malabo tàbí lórí fóònù ní Ìbàdàn, ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ la fi ń kọ́ ọ. Kò burú. Àmọ́ tó bá dórí ọ̀rọ̀ dandan àti ìmọ̀ràn, Yorùbá tí o gbọ́ dàgbà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè ọ́. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé báwo lo ṣe máa sọ ọ́ nílé, lẹ́yìn náà ni kí o wá Sípáníìṣì rẹ̀. Bí a ó ṣe ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: "ní láti" ni tener que

Tú "mo ní láti lọ" palẹ̀: mo, ní, láti, lọ. Ní tó wà níbẹ̀ jọ ní tí a fi ń sọ pé "mo ní owó". Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Sípáníìṣì ṣe é. Tener ni "ní": tengo dinero, mo ní owó. Fi que sí i, kí o wá gbé ọ̀rọ̀-ìṣe kejì kalẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìyẹn èyí tó parí sí -ar, -er tàbí -ir: tengo que ir, mo ní láti lọ. Tener nìkan ló ń yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì kì í mira.

tengo que trabajar: mo ní láti ṣiṣẹ́
tienes que trabajar: o ní láti ṣiṣẹ́
tiene que trabajar: ó ní láti ṣiṣẹ́, èyí náà ni ti usted, "ẹ" tí a ń lò fún ẹnì kan láti fi bọ̀wọ̀ fún un
tenemos que trabajar: a ní láti ṣiṣẹ́
tenéis que trabajar: ẹ ní láti ṣiṣẹ́ (ní Sípéènì, fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó ju ẹyọ kan lọ)
tienen que trabajar: wọ́n ní láti ṣiṣẹ́, èyí náà ni ti ustedes, "ẹ̀yin"

Ní Látìn Amẹ́ríkà, wọn kì í lo tenéis fún "ẹ̀yin", tienen ni wọ́n ń lò fún gbogbo "ẹ̀yin". Bí o bá sì bá ará Ajẹntínà sọ̀rọ̀, tenés que ni wàá gbọ́ dípò tienes que, nítorí pé vos ni wọ́n ń pe "ìwọ" níbẹ̀. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀, má kàn rò pé ẹni náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Bí ọ̀rọ̀ kékeré bíi te, lo tàbí se bá wà nínú gbólóhùn, iwájú pátápátá tàbí ẹ̀yìn pátápátá ni àyè rẹ̀. Mo ní láti pè ọ́: te tengo que llamar, tàbí tengo que llamarte. Méjèèjì dára. Àárín ni kò gbọdọ̀ wà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lo ní àyè láti kọ́ lónìí, tener que ni kí o mú. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, òun ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọkọ̀ ń lọ, dókítà ti pàṣẹ, owó ilé ti tó san: tener que ni gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: hay que, ọ̀rọ̀ tí kò ní olúwa

Hay yìí náà ni a fi ń sọ pé nǹkan wà: hay pan, búrẹ́dì wà. Kò ní èmi, kò ní ìwọ, kò ní àwọn. Bí o bá fi que àti ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, ó di "a gbọ́dọ̀", "èèyàn ní láti", "wọ́n ní láti": hay que comer para vivir, èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lè wà láàyè.

Ìlò rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sáfẹ́fẹ́ àmọ́ tó ní ẹni tó ń bá wí. Níbi iṣẹ́, nínú ilé, láàárín àwọn tó jọ ń gbé yàrá kan, èkejì yìí ló pọ̀ jù. Hay que sacar la basura: wọ́n máa da ilẹ̀ nù o. Hay que pagar el alquiler: owó ilé ti tó san o. Bí o bá gbọ́ ọ, wo ẹni tó sún mọ́ iṣẹ́ náà jù. Bí ìwọ bá ni, sọ pé "voy" (mò ń bọ̀), kí o sì dìde.

Ní Kúbà, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti di Lukumí, wọ́n máa ń sọ pé hay que hacer ebbó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta jẹ́ ti Sípéènì, ẹ̀kẹrin jẹ́ tiwa, kò sì sí babaláwo ní Ọ̀yọ́ tí kò ní lóye rẹ̀ bí wọ́n bá ti túmọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ fún un.

Nínú àwọn ìgbà mìíràn: había que (ó yẹ kí wọ́n ṣe é nígbà náà), hubo que (ó di dandan, wọ́n sì ṣe é), habrá que (a máa ní láti), habría que (ó máa dára ká). Ọ̀rọ̀ kékeré ò lè lọ síwájú níbí. Hay que hacerlo la máa ń sọ. Ẹni tó bá ní "lo hay que hacer", etí á gbọ́ ọ bíi gbólóhùn tó fọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: deber, gbèsè tó wà lọ́rùn

Debo, debes, debe, debemos, debéis, deben. Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni "jẹ gbèsè": te debo veinte euros, mo jẹ ọ́ ní ogún yúrò. Bí o bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tẹ̀ lé e, gbèsè náà ṣì wà, àmọ́ ó ti di gbèsè ìwà tàbí ti òfin: debo cuidar a mis padres, mo gbọ́dọ̀ tọ́jú àwọn òbí mi. Kò sí que láàárín. "Debo que cuidar" kò sí níbì kankan.

Ìyàtọ̀ òun àti tener que kò fẹ̀ púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìwé kankan dẹ́rù bà yín. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni pé ipò tí èèyàn bá ara rẹ̀ ló sábà máa ń fa tener que, nígbà tí deber ń wá láti inú ohun tó tọ́ tàbí ohun tí òfin kọ sílẹ̀. Tengo que levantarme a las cinco, torí pé bọ́ọ̀sì mi máa ń lọ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Debo decir la verdad, torí pé òtítọ́ ló yẹ kí n sọ.

Ibi tí deber ti ń pa èèyàn lára ni lẹ́tà ìjọba. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìgbélùú ní Sípéènì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́nu, òṣìṣẹ́ orí kàǹtà á sọ fún ọ pé "tiene que pedir cita previa", ẹ ní láti kọ́kọ́ gba ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa wá, tàbí "tiene que empadronarse", ẹ ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú pé àdúgbò báyìí lẹ ń gbé. Àmọ́ nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, deberá ni wàá rí: deberá presentar el pasaporte original. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni, "ẹ máa mú un wá lọ́jọ́ kan." Rárá o. Àṣẹ ni. Deberá nínú lẹ́tà ìjọba túmọ̀ sí pé láìsí ìwé yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá.

Ohun kan ṣì wà lábẹ́ deber. Ní Yorùbá, "ní láti" kò dúró fún dandan nìkan, a tún ń fi í méfò: "Ó ní láti jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá." Sípáníìṣì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Debe de estar enfermo. Òfin Real Academia Española, àwọn tó ń ṣọ́ èdè náà, ni pé deber tó ní de lẹ́yìn, ìméfò nìkan ló wà fún. Deber tí kò ní de lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọgbọ́n tí mo ta sí i ni pé mi ò kì í fi de sí i rárá. Debe estar enfermo tọ̀nà fún ìméfò, debe estudiar tọ̀nà fún dandan, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè mú mi. Wàá gbọ́ kí àwọn ọlọ́mọ-ìlú fúnra wọn fi de sí ibi tí kò yẹ; fi wọ́n sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dẹ ohùn sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ dandan tán, ó ku ìmọ̀ràn. Bí o bá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé "debes dejar a ese hombre", o ti di adájọ́. Fi -ía sí i, o padà di ọ̀rẹ́: deberías dejar a ese hombre, ó yẹ kí o fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Gbogbo "ó yẹ kí o" tí a fi ń gba ọmọ ìyá ẹni nímọ̀ràn, deberías ni. Tendrías que náà wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Podrías sì fẹ́lẹ́ jù wọ́n lọ, ó dà bí "o ò ṣe".

Ìrísí yìí, tí wọ́n ń pè ní condicional, rọrùn láti kọ́: mú ọ̀rọ̀-ìṣe lódindi, kí o fi -ía, -ías, -ía, -íamos, -íais, -ían sí ìdí rẹ̀. Hablaría, comerías, iríamos. Àwọn díẹ̀ ló ń yí inú padà kí wọ́n tó gba ìrù: tener di tendría, poder di podría, hacer di haría, decir di diría, salir di saldría, venir di vendría, poner di pondría, saber di sabría, haber di habría, querer di querría. Má gbàgbé àmì orí í yẹn bí o bá ń kọ ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni yo que tú. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lọ: yo que tú, no iría. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé gan-an nìyẹn, láìsí àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Yo que usted ni fún àgbà. Yo en tu lugar náà wà, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn díẹ̀.

Bí o bá fẹ́ kí ìmọ̀ràn dà bí ìbéèrè, ọ̀nà méjì ló yá jù. ¿Por qué no hablas con ella? O ò ṣe bá a sọ̀rọ̀? ¿Y si llamamos al médico? Tí a bá wá pe dókítà ńkọ́? Méjèèjì kò béèrè fún ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣòro, ọjọ́ tí o bá kọ́ wọn lo lè lò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pé tàbí kí?

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sá kúrò ní kíláàsì. Olùkọ́ á kọ subjuntivo, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, sójú pátákó, ojú àwọn tó ti inú Gẹ̀ẹ́sì wá á sì fà ro, nítorí pé èdè yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé tirẹ̀ tán. Tiwa ò gbàgbé. Wo méjì yìí:

Ó ní o ń bọ̀. Dice que vienes.
Ó ní kí o máa bọ̀. Dice que vengas.

Ìròyìn ni ti àkọ́kọ́: ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A lè fi pé sí i, "ó ní pé o ń bọ̀", ìtumọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Àṣẹ ni ti èkejì: ó ń sọ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Yorùbá fi kí ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Sípáníìṣì ò ní kí. Que kan náà ló ń lò fún pé àti fún kí. Ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ló wá fi ń ya wọ́n, vienes di vengas. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí kí ń gbé nínú èdè abínibí rẹ̀ ti mọ ibi tí subjuntivo ń gbé nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn. Kò tún sí ohun tí yóò há sórí mọ́.

Mo fẹ́ kí o jẹun. Quiero que comas.
Mo gbà ọ́ nímọ̀ràn kí o sinmi. Te aconsejo que descanses.
Ó ṣe dandan kí wọ́n fọwọ́ sí i. Es necesario que lo firmen.
Ó sàn kí a dúró. Más vale que esperemos.
Mo bẹ̀ ọ́ kí o má sọ fún un. Te pido que no se lo digas.

Fi wọ́n wé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe pẹ̀lú "mo fẹ́ kí o jẹun": ó ju kí nù, ó ju que nù, akẹ́kọ̀ọ́ á wá sọ pé "quiero tú comer". Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá tó ju mẹ́wàá lọ, ó sì ń dùn mí nígbà gbogbo, nítorí pé ká ní ilé ni wọ́n gbà wá, wọn ì bá ti ṣàṣìṣe.

Bí a ṣe ń ṣe ìrísí náà kò gba ọjọ́ méjì. Mú ọ̀rọ̀-ìṣe bí "èmi" ṣe ń lò ó lónìí, gé o ìparí rẹ̀ sọnù, kí àwọn ẹbí méjèèjì pààrọ̀ fìlà: àwọn tó jẹ́ -ar á gba e, àwọn tó jẹ́ -er àti -ir á gba a. Hablo di hable, hables, hable, hablemos, habléis, hablen. Como di coma, comas, coma, comamos, comáis, coman. Nítorí pé láti ẹnu "èmi" la ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó le náà á tẹ̀ lé òfin fúnra wọn: tengo di tenga, hago di haga, digo di diga, salgo di salga, vengo di venga. Mẹ́fà péré ni kò ní o ní ìdí nígbà tí "èmi" bá ń lò wọ́n, àwọn nìkan sì ni o máa há sórí: soy di sea, voy di vaya, sé di sepa, he di haya, doy di dé, estoy di esté. Lẹ́tà mìíràn lè yí padà kí ohùn má bàa yí padà, bí i llegar tó di llegue àti buscar tó di busque. Ojú rẹ á mọ́ wọn lára.

Kí náà ní ààlà, kí n má tàn ọ́. Àkọ́kọ́, bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́, èmi náà ni mo máa ṣe é, kò sí kí ní Yorùbá, kò sí que ní Sípáníìṣì: mo fẹ́ lọ, quiero ir. Èkejì, que inú tener que àti hay que, láti ni, kì í ṣe kí, nítorí náà "tienes que vayas" kò dára láé. Ẹ̀kẹta ló ń tanni jù: "ó yẹ kí o lọ" ní kí lóòótọ́, àmọ́ deberías ti gbé "ìwọ" mì sínú ara rẹ̀, deberías ir sì ti parí ọ̀rọ̀. Kí tó ń bí subjuntivo ni kí tó tẹ̀ lé fẹ́, bẹ̀, ní, gbà nímọ̀ràn, ṣe dandan, ṣe pàtàkì, sàn. Bí o bá sì jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn, àdéhùn náà ò múlẹ̀ mọ́. "Mi ò rò pé ó máa wá" ní pé, síbẹ̀ no creo que venga ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ iyèméjì nìyẹn, ilé ẹjọ́ mìíràn ló wà.

Bí ìmọ̀ràn náà bá ti di ti àná, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe tún yí: me aconsejó que descansara, ó gbà mí nímọ̀ràn kí n sinmi. Mú bí "wọ́n" ṣe lò ó ní àná, gé -ron, fi -ra sí i: descansaron, descansara, fueron, fuera, dijeron, dijera.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kò gbọdọ̀, kò yẹ, kò dìgbà

Níbí, èrò mi ni pé Yorùbá mọ́lẹ̀ ju Sípáníìṣì lọ. A mọ̀ pé "o ò gbọdọ̀ wá" yàtọ̀ sí "kò dìgbà tí o bá wá". No tienes que venir sábà máa ń jẹ́ "kò dìgbà tí o bá wá". Àmọ́ gbọ́ ohun tí ìyá ará Sípéènì lè sọ fún ọmọ rẹ̀: no tienes que hablarle así a tu abuela. Kò sọ pé kò dìgbà. Ohun tó ń sọ ni pé kò gbọdọ̀ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. No hay que náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: no hay que gritar, kò yẹ ká máa pariwo, no hay que pagar nada, wọn kì í gba owó níbẹ̀. Ohùn àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti wáyé ló ń sọ èwo ni.

Bí o bá ń gbọ́ ọ, fara balẹ̀. Bí ìwọ bá ń sọ ọ́, má fi àyè sílẹ̀ fún àṣìgbọ́. Fún "kò dìgbà", lo no hace falta: no hace falta que vengas, subjuntivo ló tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí o ti lè retí. Fún "kò yẹ", no deberías. Fún "kò gbọdọ̀", no debes tàbí no puedes: no puedes aparcar aquí, o ò gbọdọ̀ gbé mọ́tò síbí. Lójú pátákó ìta, wọ́n máa ń gé gbogbo rẹ̀ kúrú: prohibido fumar (a ò gbọdọ̀ mu sìgá), no tocar (má fọwọ́ kàn án), no pisar el césped (má tẹ koríko mọ́lẹ̀).

Ìgbésẹ̀ keje: tuve que kì í ṣe tenía que

Èyí kúrú, àmọ́ ó lè dá ìjà sílẹ̀. Tuve que vender el coche: ó di dandan kí n ta mọ́tò náà, mo sì ti tà á. Tenía que vender el coche: ó yẹ kí n tà á nígbà yẹn; bóyá mo tà á, bóyá n kò tà á, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá gbàgbé láti pe ìyá rẹ, tenía que llamarla, pero se me olvidó ni ẹ̀bẹ̀ rẹ. Bí o bá sọ pé tuve que llamarla, o ti parọ́ pé o pè wọ́n.

Fún "ó yẹ kí o ti", tí a fi ń kábàámọ̀ tàbí tí a fi ń bá èèyàn wí: deberías haber llamado, ó yẹ kí o ti pè. Tendrías que haber venido antes, ó yẹ kí o ti wá ṣáájú àkókò yìí. Haber kì í yí padà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e á sì sábà parí sí -ado tàbí -ido, àyàfi àwọn díẹ̀ bíi decir tó di dicho.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ta lò ń gbà nímọ̀ràn?

Ọmọ Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí èdè fi ní "o" àti "ẹ". Tú ni "o", usted ni "ẹ". Ohun méjì péré ló yẹ kí o ṣọ́. Ẹyọ ẹnì kan ni usted. Ustedes ni ẹni púpọ̀. "Ẹ" wa kò pín in bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwa la máa ń sọ ustedes sí ìyá àgbà kan ṣoṣo, tí ìyá á sì máa wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn tún wọlé. Èkejì, ọ̀rọ̀-ìṣe usted dà bí ti "òun": usted tiene, él tiene. Láti inú vuestra merced, tó jẹ́ oyè ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, ni usted ti wá. Ẹni tó ń pe baba ní "wọ́n", bí wọ́n tilẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, lè rí bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ní Sípéènì, tú ti gba ibi púpọ̀. Ọ̀gá mi ló sọ fún mi pé kí n má pe òun ní usted mọ́, "tutéame", ó sì gbà mí ní oṣù méjì kí ẹnu mi tó lè gbé e. Ní Bogotá, ẹ̀wẹ̀, o lè gbọ́ kí ọ̀rẹ́ sọ usted sí ọ̀rẹ́. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú usted fún ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kí wọ́n fúnra wọn sọ pé kí o fi sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn fún àgbà wá ń lọ báyìí: debería descansar un poco, ẹ bá sinmi díẹ̀. Le recomiendo que vaya al médico, màá rọ̀ yín kí ẹ lọ rí dókítà. Conviene que coma algo antes, ó máa dára kí ẹ fi nǹkan sẹ́nu ná. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ tààrà, siéntese ni "ẹ jókòó", siéntate ni "jókòó". Má rò pé siéntate jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́. Ará Sípéènì á fi "siéntate, come, bebe" gbà ọ́ lálejò, bí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ṣe máa ń sọ pé "jókòó, jẹun" kí o tó kí wọn tán.

Gbìyànjú rẹ̀ wò

Fi ọwọ́ bo ìdáhùn, sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè ní Yorùbá, wá kí tàbí láti inú rẹ̀, kí o tó sọ Sípáníìṣì.

Mo ní láti ra oògùn. Láti ló wà níbẹ̀: tengo que comprar medicina.

Mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́, sí àgbà kan. Kí ni: quiero que me ayude. Bí o bá fẹ́ kó fẹ́lẹ́, quisiera que me ayudara, àmọ́ ìyẹn lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá san án lónìí. Yo que tú, lo pagaría hoy.

Ó ní kí n padà wá lọ́la. Bí o bá sọ pé dice que vuelvo mañana, ìròyìn lo sọ, pé mo ń padà bọ̀ lọ́la. Kí ló wà níbẹ̀: dice que vuelva mañana.

Kò dìgbà tí o bá sanwó. No hace falta que pagues.

Ó yẹ kí o ti sọ fún mi. Deberías habérmelo dicho. Me àti lo ti so mọ́ haber lẹ́yìn, àmì orí é sì yọ jáde nítorí wọn.

Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sùn. Deben estar dormidos, tàbí deben de estar dormidos.

Èyí tó kẹ́yìn, "Ṣé wọn ò ní gbá ilẹ̀ yìí ni?" Ó pẹ́ kí n tó rí èyí tó bá ohùn ìyá mi mu. Ìyàwó alásè ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ ní ìbàdí, tí kò wo ẹnikẹ́ni lójú: "Habrá que barrer esto, ¿no?" Mo ti mú ìgbálẹ̀ kó tó dé orí no.